Sùtánà Hàbíbátù

“Tún un ṣí,” ni Àlàgbà Kọ́lápọ̀ wí.

Adéríbigbé, akọ̀wé ìjọ, tún un ṣí. Ojú ìwé ìkànnì ìjọ ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú pùròjẹ́kítọ̀ sára aṣọ tí wọ́n ta sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, nítorí nẹ́tíwọ̀kì Ìgàndó kì í kánjú nítorí ẹnikẹ́ni. Orúkọ ìjọ ló kọ́kọ́ jáde. Àwòrán àwọn tí wọ́n fẹ́ fòróró yàn lọ́jọ́ kejì tẹ̀lé e, Àlàgbà Kọ́lápọ̀ àti Adéríbigbé wà lára wọn, oníkálukú nínú sùtánà funfun báláú. Ó wá kan Hàbíbátù. Ojú rẹ̀ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde. Àmùrè búlúù tó wà ní ìbàdí rẹ̀ náà jáde. Ṣùgbọ́n sùtánà tó wọ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Jésù,” ni ẹnì kan wí ní apá àwọn obìnrin.

Tìmílẹ́yìn, ẹni tó ṣe ìkànnì náà fún ìjọ, dúró ní ẹsẹ̀ lásán lórí táìlì tútù. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, kò mọ́ ọn lára láti bọ́ bàtà sílẹ̀ kó tó wọ ilé ìsìn, ó sì ń ṣe é bíi pé ìdajì aṣọ ara rẹ̀ ló fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tí Adéríbigbé ti pè é láàárọ̀ ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó rò pé òun yóò kàn wá, òun yóò tẹ nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì, òun yóò sì padà lọ jẹun nílé. Ó ti dé báyìí, ó sì ti rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Hàbíbátù jókòó láàárín àwọn obìnrin yòókù, ó gbé ọwọ́ lé itan. Sùtánà tó wọ̀ sọ́rùn funfun ju ti gbogbo àwọn tó yí i ká lọ. Kò sì yani lẹ́nu, torí ilé ìfọṣọ ló ní lójú ọ̀nà Ìgàndó, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Tìmílẹ́yìn gan-an. Bí sùtánà kan bá pọ́n lọ́rùn, tàbí tí àbẹ́là bá yọ́ sí i lára, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Sùtánà Àlàgbà Kọ́lápọ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ Hàbíbátù ló ti ń funfun.

Inú ẹ̀sìn Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó ṣe ìrìbọmi, wọ́n fún un ní Mary, ṣùgbọ́n Hàbíbátù ló mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu. Ìyá rẹ̀, Àlhájà, ń bá a gbé ní Ayọ̀bọ̀, ó sì ń kírun rẹ̀ lójoojúmọ́ láìsí ìjà láàárín wọn. Hàbíbátù ti sìn nínú ìjọ yìí títí orúnkún rẹ̀ fi ń dùn ún, kí wọ́n tó wá sọ pé òun ni yóò jẹ Ìyá Ìjọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ẹni tí tẹ̀sùbáà wà nílé rẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí à ń da òróró sí lórí. Wọn ò rí nǹkan gidi dì mú. Àfi ìgbà tí Adéríbigbé ṣí ìkànnì náà lórí kọ̀ǹpútà ìjọ tó rí i pé dúdú ni.

Tìmílẹ́yìn fa fóònù rẹ̀ yọ. “Bàbá, ẹ wò ó níbí, sà. Funfun ni.”

Àlàgbà Kọ́lápọ̀ wò ó, ó mi orí. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó bẹ̀rù Ọlọ́run tọkàntọkàn, ó kàn jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń wá ibi tí Ọlọ́run yóò ti bínú.

“Èmi náà wò ó lórí fóònù mi nílé,” ló wí. “Funfun ni. Ọmọ mi wò ó ní Ṣáṣá, funfun ni. A gbé e dé ibí, ó dúdú. Ṣé ìwọ náà ń gbọ́ nǹkan tí mò ń sọ? Ilé Ọlọ́run nìkan ló ti ń dúdú.”

Ìkùnsínú gba inú ilé kan. Tìmílẹ́yìn tún wo fóònù rẹ̀, ó wo aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Ká sọ òótọ́, ẹjọ́ náà tọ́ létí òun gan-an alára.

“Ẹ̀rọ ni, sà,” ló wí níkẹyìn. “Ẹ̀rọ máa ń ṣe báyìí nígbà míì.”

“Ẹni tó fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá Báláámù sọ̀rọ̀,” ni Àlàgbà Kọ́lápọ̀ dáhùn, “ṣé kò lè fi kọ̀ǹpútà bá wa sọ̀rọ̀ ni?”

Wòlíì Abraham, olùṣọ́ àgùntàn ìjọ náà, jókòó níwájú. Ó ti dàgbà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un, awò dúdú ló sì wà lójú rẹ̀. Ó yí orí sí ibi tí ohùn Tìmílẹ́yìn ti ń wá.

“Ọmọ mi, kí ló fà á?”

“Mi ò tíì mọ̀, sà.”

“Ó dáa. A fẹ́ gba àdúrà aago mẹ́ta. Wá a títí a ó fi parí. Tá a bá parí tí kò yí padà, a máa jẹ́ kí ti Hàbíbátù dúró ná, ká lè bi Ọlọ́run.”

Kò sẹ́ni tí kò mọ bí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ṣe ń gùn tó. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dúró ná lọ́dún tó kọjá ṣì wà lórí ìdúró. Hàbíbátù tẹ orí ba, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá,” ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ló dun Tìmílẹ́yìn.

Adéríbigbé gbé kọ̀ǹpútà náà wọ ọ́fíìsì tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Agogo dún níta, orin bẹ̀rẹ̀, pátẹ́wọ́ tẹ̀lé e. Tìmílẹ́yìn fa àga, ó jókòó ti ẹ̀rọ náà. Ó kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tí búráúsà ti tọ́jú láti ẹ̀yìn wá rẹ́, bóyá àwòrán àtijọ́ kan ló ń gbé jáde. Ó tún ojú ìwé náà ṣí. Dúdú ni. Ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó tún un tàn. Dúdú ni. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni, irú wọn sì máa ń ya wèrè nídìí iṣẹ́ àwòrán, torí náà ó wọ inú ètò búráúsà lọ, ó pa ibi tó ti ń gbé iṣẹ́ yíya àwòrán fún ẹ̀yà ẹ̀rọ tó wà fún àwòrán nìkan, ó ní kí búráúsà máa fúnra rẹ̀ yà á. Gbogbo nǹkan wá ń falẹ̀ bí ìgbín. Nígbà tí Hàbíbátù máa fi jáde, dúdú náà ni.

“Bóyá ká gbàdúrà sí ẹ̀rọ yẹn lórí,” ni Adéríbigbé wí, kò sì fi ṣàwàdà.

“Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ jẹ́ n ronú.”

Àwòrán àwọn tó kù, kò sí ẹyọ kan tó dúdú. Ìyẹn ló ń dà á láàmú jù. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, kí ló dé tí kò ba ti ẹlòmíràn jẹ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó nínú ara rẹ̀ pé tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ńkọ́, ojú sì tì í fún ìrònú náà.

Ilẹ̀kùn ṣí. Hàbíbátù ló wọlé. Adéríbigbé wo ojú rẹ̀, ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo jẹnẹrétọ̀.

“Tìmí,” ni Hàbíbátù wí, ó sì fara ti ògiri. “Ṣé o ti rí i?”

“Mi ò tíì rí i, Mọ́mì. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

“Má da ara rẹ láàmú jù. Ó lè jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà.”

“O ò mọ ohun tí mo ṣe.” Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ etí àmùrè rẹ̀ bí ẹni pé ó fún. “Ọlọ́run rí mi. Èèyàn ò rí mi, àmọ́ Ọlọ́run rí mi.”

“Kí lẹ ṣe?”

Ojú Hàbíbátù kún fún omi, ó yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó padà lọ síbi tí wọ́n ti ń kọrin.

Tìmílẹ́yìn tún kọjú sí ẹ̀rọ. Ó wo ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe àwòrán nìkan mọ́. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó yẹ kó ti rí látìgbà tó dé. Òun fi ojú funfun ṣe ìkànnì yìí. Èyí tó wà níwájú rẹ̀, ojú dúdú ló ní, ọ̀rọ̀ funfun ni wọ́n fi kọ sí i lára. Ó ti rò pé nítorí wọ́n pa iná kí àwòrán lè hàn lára aṣọ ló ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ó yọ orí sí fèrèsé. “Bọ̀dá Adé, ta ló sọ ojú búráúsà yìí di dúdú?”

“Èmi ni,” ni Adéríbigbé dáhùn láti ìdí jẹnẹrétọ̀. “Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń ta Bàbá lójú látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹnì kan ló fi ibẹ̀ hàn mí, pé tí n bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìkànnì ló máa ṣókùnkùn. Kí ló ṣe é?”

Tìmílẹ́yìn fa láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ yọ nínú báàgì. Ó ṣí ìkànnì náà níbẹ̀, ó sì yí àwọ̀ ojú ìwé padà sí àwọ̀ ewé, láti fi dán an wò. Ojú ìwé di aláwọ̀ ewé. Àwọn tó kù wà nínú aṣọ funfun wọn bí wọ́n ṣe wà. Sùtánà Hàbíbátù di aláwọ̀ ewé.

Kò sí sùtánà nínú àwòrán náà rárá. Ihò ló wà níbẹ̀. Orí, ọwọ́ méjì àti àmùrè ló ṣẹ́kù, ohunkóhun tó bá sì wà lẹ́yìn ni ojú ń rí níbi tó yẹ kí aṣọ wà. Ó fa àwòrán náà sún mọ́ra. Ó yẹ kó ti fura tẹ́lẹ̀, torí sùtánà tó wà níbẹ̀ kò ní ìṣẹ́po kankan, kò ní òjìji, aṣọ kan kò sì ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́rùn èèyàn.

Ó rántí ọjọ́ tí Hàbíbátù fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i lórí Wáàsáàpù. Ohùn ló fi tẹ̀lé e. “Tìmí, jọ̀ọ́, bá mi yọ Àlhájà kúrò lẹ́yìn. Ìwọ náà mọ àwọn èèyàn wa.” Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ju àwòrán náà sínú áàpù kan tó máa ń gé ẹ̀yìn àwòrán dànù fúnra rẹ̀. Ògiri pálọ̀ Hàbíbátù funfun, sùtánà rẹ̀ funfun, áàpù náà kò dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ó gé ògiri, ó gé Àlhájà, ó sì gé sùtánà mọ́ wọn. Nígbà tí Tìmílẹ́yìn gbé ohun tó kù lé ojú ìwé funfun, ó dọ́gba, ó sì kọjá sí iṣẹ́ mìíràn. Òun ló ṣe é. Ìwà wàdùwàdù òun ló fẹ́ gba oyè lọ́wọ́ obìnrin náà.

Orin dákẹ́ níta. Wọ́n ti ń ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ó gbé kọ̀ǹpútà ìjọ padà síta, ó so ó mọ́ pùròjẹ́kítọ̀, ó pa ètò tí ń sọ ojú ìwé di dúdú. Lójú gbogbo wọn, òkùnkùn kúrò lára aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, Hàbíbátù sì dúró níbẹ̀ nínú aṣọ funfun. Àwọn obìnrin pariwo halelúyà. Tìmílẹ́yìn fẹ́ mí kanlẹ̀.

“Ẹ dúró,” ni Àlàgbà Kọ́lápọ̀ wí. Ó ti dìde. “Kí lo ṣe sí i?”

“Ojú ìwé ni wọ́n ti sọ di dúdú nítorí ojú Bàbá, sà. Mo ti dá a padà.”

“Nígbà tó dúdú, gbogbo wa la jọ wà lójú ìwé yẹn. Kí ló dé tó fi jẹ́ tirẹ̀ nìkan ló dúdú? Àwòrán tèmi náà wà níbẹ̀.”

Tìmílẹ́yìn wo Hàbíbátù. Hàbíbátù ń wo ilẹ̀.

“Àṣìṣe mi ni, sà,” ló wí. “Mo gé ẹ̀yìn àwòrán tiwọn, áàpù tí mo lò sì gé sùtánà mọ́ ọn. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ má bínú.”

“Ṣé o gé ẹ̀yìn tèmi?”

“Rárá, sà.”

“Ti Adéríbigbé ńkọ́?”

“Mi ò gé e, sà.”

“Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ,” ni Àlàgbà Kọ́lápọ̀ wí, kò sì gbé ohùn sókè. “Kí ló wà lẹ́yìn tiẹ̀ tó fi jẹ́ pé òun nìkan lo gé?”

Gbogbo ojú wà lára Tìmílẹ́yìn. Táìlì abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tún tutù sí i. Bó bá sọ ọ́, àṣírí obìnrin náà tú níwájú àwọn tó ń wá a. Bí kò bá sọ ọ́, wọn yóò fi èyí tó burú jù rọ́pò rẹ̀ lọ́kàn wọn. Ó wá irọ́ kan tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì rò pé òun rí i.

“Ẹrù ni, sà,” ló wí. “Ẹrù ló wà lẹ́yìn wọn.”

“Irú ẹrù wo?”

“Kì í ṣe ẹrù.”

Hàbíbátù ló sọ̀rọ̀. Ó ti dìde dúró. Ó fi ọwọ́ kan di èkejì mú.

“Tìmí, má pe ìyá mi ní ẹrù.”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo fi í sí ẹ lẹ́nu.” Ó yíjú sí iwájú. “Bàbá, èmi ni mo ní kó gé e. Ìyá mi ló wà lẹ́yìn mi. Tìmí, gbé èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ jáde, kí gbogbo wọn rí i.”

Tìmílẹ́yìn wò ó bóyá ó dá a lójú. Hàbíbátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Tìmílẹ́yìn tú okùn pùròjẹ́kítọ̀, ó kì í bọ láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, ìka rẹ̀ kò sì tètè rí ibi tí àwòrán náà wà. Nígbà tó jáde, ó gba gbogbo fífẹ̀ aṣọ náà.

Pálọ̀ kékeré kan ní Ayọ̀bọ̀ ni. Hàbíbátù dúró láàárín rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín kan náà, ṣùgbọ́n sùtánà rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ sùtánà, pẹ̀lú ìlà áyọ́ọ̀nù tó gún régé láti èjìká dé ilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí ẹní, Àlhájà kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìborùn funfun lórí. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́. Kò wo ẹni tó ń ya àwòrán rárá. Etí sùtánà ọmọ rẹ̀ ló dì mú, ó ń fà á kó lè tẹ́jú.

Wòlíì Abraham bọ́ awò dúdú rẹ̀. Ó dìde, ó rìn lọ síwájú aṣọ náà títí ojú rẹ̀ fi fẹ́ kan án. Ìmọ́lẹ̀ náà ń ta á lójú, omi ń dà níbẹ̀, kò sì kúrò.

“Ọwọ́ ta nìyí, nísàlẹ̀ níbí?”

“Ọwọ́ ìyá mi ni, sà. Mo sọ fún un pé ó ti dáa. Ó ní kò tíì tẹ́jú, pé wọn ò gbọ́dọ̀ rí ìkákò lára aṣọ ọmọ òun.” Ohùn rẹ̀ já. “Orúnkún rẹ̀ ò dáa, Bàbá. Ó tún kúnlẹ̀. Mo sì ní kí wọ́n gé e.”

Àlàgbà Kọ́lápọ̀ wo sùtánà tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, ó wo ìlà áyọ́ọ̀nù tó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó rọra jókòó.

“Ṣé yóò wá lọ́la?” ni Wòlíì bèèrè.

“Ta ni, sà?”

“Ìyá rẹ.”

Hàbíbátù wo àwòrán ìyá rẹ̀ lára aṣọ náà. “Mi ò pè é, sà.”

“Hẹ̀n.” Wòlíì fi awò rẹ̀ padà sójú. “Adéríbigbé, o ò gbọ́dọ̀ yọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe tò ó la máa ṣe é.” Ó ń lọ sí àyè rẹ̀, ó dúró díẹ̀. “Kọ́lápọ̀, bó o bá ń bọ̀ lọ́la, wá àga tó ní ìrọ̀rí. Ẹ gbé e síwájú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá,” ni Àlàgbà Kọ́lápọ̀ wí. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Tìmílẹ́yìn rìn lọ bá Hàbíbátù, kò mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀.

“Mọ́mì, mo lè fi ọwọ́ gé e dáadáa nísinsìnyí. Sùtánà máa pé, ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà níbẹ̀. Àbí èwo ni kí n fi síbẹ̀?”

Hàbíbátù ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ láàárín bàtà àwọn èèyàn, fóònù sì wà létí rẹ̀. Ó dún títí, kí ẹnì kan tó gbé e.

“Àlhájà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà,” ló wí. “Aṣọ wo lẹ máa wọ̀ lọ́la? Ẹ gbé e síta kí n lè bá yín lọ̀ ọ́.”